Odídẹrẹ́ Inú Ẹ̀rọ

Jámánì, oṣù kẹsàn-án, 1994

Ìyá mi,

Kí ẹ tó béèrè: mò ń jẹun, ara mi sì le. Ẹ ti rí fọ́tò omi tó ń tú sókè lẹ́nu páìpù, tí mo máa ń mú jó sí orin níbí. Ìka mi lórí bọ́tìnnì ló ń gbé e sókè, tó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Wọ́n ti ra kọ̀ǹpútà báyìí. Ọ̀gá ní ẹ̀rọ náà kàn fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ ni. Àmọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń kọ́ ọ: bí mo bá tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan, ó ti há a sórí. Lánàá, mo ṣèèṣì tẹ ọ̀kan pẹ́ jù, ó sì sín àṣìṣe mi jẹ gẹ́lẹ́. Èmi ọmọ Ìwó, mo wá ń kọ́ odídẹrẹ́ ní ọ̀rọ̀! Ṣé bí a ṣe ń ranni lọ́wọ́ nìyẹn?

Ọ̀gá tún gba kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ lọ́wọ́ mi, ó ní kí àpò mi lè fúyẹ́. Inú rere ni, àbí?

Ẹ bá mi kí Nusirat tó ń ka lẹ́tà yìí fún yín. Àdúrà yín pé odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ, ẹ má dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa dárúkọ mi sí i, kó má baà ṣìnà lọ bá ti inú ẹ̀rọ.

Badrudeen ọmọ yín