Ọwọ́ Tí Kò Mọ Iná Mọ́

Ọ̀tà, oṣù Nófẹ́ńbà, 1934

Ẹ̀gbọ́n mi Àjàlá,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àti ará ilé gbogbo ní Kàdúná. Ara Ìyá wa ti yá.

Ẹ rántí Mùíbátù, adẹ́tẹ̀ tí mo fi ọdún márùn-ún wẹ egbò rẹ̀ títí ó fi kú. Lọ́jọ́ Ìsinmi, Pásítọ̀ yìn mí, gbogbo ìjọ sì wá bọ̀ mí lọ́wọ́. Lánàá, mo gbé ìkòkò kúrò lórí iná. Òórùn ẹran ara mi tó ń jó ni mo gbọ́, n kò mọ̀ ọ́n lára rárá. Ọkọ mi kò tíì gbọ́. Mo gbàdúrà títí, n kò mọ ohun tí mo lè ṣe.

Olúwa yóò pa yín mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán Morónfólú ọmọ yín sí mi ní Kérésìmesì. Ẹ sọ fún un pé ọ̀nà kò dára.

Àbúrò yín,
Fọláwẹwọ́