Ọ̀rá Búrẹ́dì Lẹ́nu Páìpù

Bàbá mi ọ̀wọ́n, níbi tí ẹ wà,

Màmá ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun mi bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, nítorí kò sí iná ní Agége láti àárọ̀. Wọ́n ń kọrin. Wọn ò mọ nǹkan kan. Ẹ̀yin nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún, ó sì dùn mí pé ẹ ò ní dá mi lóhùn.

Ṣé ẹ rántí lọ́rì ilé-iṣẹ́ Oregun yẹn, tí aago eré rẹ̀ ti kú? Abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ò lè sọ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré sí mọ́, síbẹ̀ ní ìdájí, kí ẹ tó ṣáná sí i, ẹ máa ń fi èékánná kan gíláàsì rẹ̀, bíi pé ẹ ń kí i. Wọ́n ní SAP ìjọba ti dé, owó ti wọ́n, kò sí páàtì tí wọ́n lè fi tún un ṣe. Ẹ ní kò burú, ẹ ó máa ka òpó iná ẹ̀bá títì, ẹ ó sì máa gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì. Mo fi yín yangàn fún àwọn ọ̀rẹ́ mi. Àfi ọjọ́ tí kùrukùru ọyẹ́ bo òpó mọ́ yín lójú ní kọ́nà yẹn, tí ẹ ò sì padà délé mọ́. Ṣé ẹ mọ̀ pé eré yín ti pọ̀ jù? Àbí ẹ rò pé ẹ rọra ń lọ ni?

Mo ń bi yín torí ọ̀rọ̀ náà ti wá kàn mí.

Bàálù tí mo ti ń ṣe igbákejì awakọ̀ ní aago eré méjì, ọ̀kan níwájú ọ̀gá awakọ̀, ọ̀kan níwájú mi. Páìpù kékeré ní imú bàálù ló ń gba atẹ́gùn fún aago kọ̀ọ̀kan, atẹ́gùn yẹn ló ń sún abẹ́rẹ́. Ìdérí àwọn páìpù náà ti sọnù tipẹ́, wọn ò sì rí òmíràn rà. Ọ̀rá búrẹ́dì Agége la fi ń dé wọn bí bàálù bá sùn síta, kí kòkòrò má bàa kọ́lé síbẹ̀. Ṣé kò pa yín lẹ́rìn-ín? À ń jẹ búrẹ́dì níbi tí a ti ń dúró de epo, a sì ń tọ́jú ọ̀rá rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹnìkan tan iná tó ń mú páìpù gbóná láìtíì tú ọ̀rá kúrò. Ó yọ́ wọnú páìpù ti ọ̀gá. Wọ́n fi wáyà ha á, wọ́n ní ó ti tán. Kò tán.

Òkè lọ́hùn-ún ni wàhálà wà, Bàbá. Atẹ́gùn ibẹ̀ fẹ́lẹ́. Bí bàálù bá rọra jù, á gbọ̀n, ìyẹ́ rẹ̀ ò sì ní lè gbé e mọ́. Bó bá sáré jù, á tún máa gbọ̀n títí nǹkan á fi já. Àlàfo àárín méjèèjì ò tó nǹkan, kò sì sí òpó tí èèyàn lè kà. Mo bẹ ọ̀gá pé ká máa fò nísàlẹ̀ díẹ̀, níbi tí àṣìṣe ti ṣeé tún ṣe. Wọ́n ní epo tí ìyẹn ń jẹ ti pọ̀ jù, ta ló ń rí epo lásìkò yìí?

Nígbà tí a fò kẹ́yìn, bí a ṣe ń gòkè ni abẹ́rẹ́ tiwọn ń lọ sókè, tèmi ń wálẹ̀. Wọ́n rò pé eré ti pọ̀ jù, wọ́n gbé imú bàálù sókè. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lábẹ́ ìdí wa. Mo rọra sọ fún wọn pé eré wa ti kéré, wọ́n ṣì ń gbé imú rẹ̀ sókè. Mo ti imú bàálù wálẹ̀ láìgbàṣẹ, ìgbọ̀n náà sì dáwọ́ dúró. Nígbà tí a balẹ̀, wọn ò tiẹ̀ bínú. Wọ́n gbá mi léjìká bí bàbá ṣe ń gbá ọmọ rẹ̀.

"Aago iwájú ọ̀gá la máa ń tẹ̀lé," ni wọ́n wí.

Wọ́n sọ fún àwọn mẹkáníìkì pé tèmi ló bàjẹ́. Àwọn yẹn ti yọ ọ́, wọn ò sì ní òmíràn. Téèpù ni wọ́n fi lẹ ojú ihò tó wà níwájú mi báyìí.

Mo kọ̀, Bàbá. Mo ní mi ò bá wọn fò ó mọ́. Wọn ò bá mi jà, wọ́n kàn fi Ṣẹ́gun rọ́pò mi, ẹni tí a jọ kọ́ṣẹ́, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ. Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní òun ò lè kọ̀, níbo lòun ti máa ríṣẹ́ mìíràn? Kò tíì mọ bí ìgbọ̀n yẹn ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Èmi mọ̀ ọ́n. Mo padà lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún mi ní ìjókòó mi. Ẹ̀rín ni wọ́n fi gbà mí padà, èmi ni mo máa bá ọ̀gá fò lọ́la dípò Ṣẹ́gun.

Mo mọ bó ṣe yẹ kí imú bàálù dúró, mo sì mọ bó ṣe yẹ kí agbára ẹ́ńjìnnì pọ̀ tó. Bí aago bá ń parọ́, nǹkan méjèèjì yẹn lèèyàn ń dì mú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀gá ni ọkọ̀ wà, aago tiwọn ni wọ́n sì gbà gbọ́. Mi ò ní ìrètí púpọ̀.

Màmá ti lọ ṣẹ́ẹ̀tì tán. Wọ́n bi mí pé ìgbà wo ni mo máa dé lọ́la, kí wọ́n lè mọ ìgbà tí wọ́n á gbé ọbẹ̀ kaná. Mo ní mo máa dé lọ́sàn-án. Ohun tí ẹ máa ń sọ fún wọn ní ìdájí nìyẹn, ẹ sì sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn náà. Wọ́n ti dákẹ́ orin. Áyọ́ọ̀nù ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ń wá òpó tí yóò kà.