Ta Ni Yóò Máa Kú Lẹ́yìn Mi?

ÈMI, Ayọ̀kànmí Ọládèjì Oyèwọlé, ọmọ bíbí Ògbómọ̀ṣọ́, olùgbé Surulere ní ìlú Èkó, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, tí mo fi títún ẹ̀rọ amúlétutù àti fíríìjì ṣe jẹun kí n tó fẹ̀yìn tì, ni mo kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé, ojú mi ríran, kò sì sí ẹni tí ó fi ipá mú mi. Ìyàwó mi ní kí n yọ "orí mi pé" kúrò, nítorí pé ẹni tí orí rẹ̀ pé kì í wọ ẹ̀wù ogun lọ́sàn-án Sátidé. Mo ti gbọ́ tirẹ̀. Gbólóhùn náà dúró bẹ́ẹ̀.

Ìwé yìí fagi lé èyí tí mo kọ tẹ́lẹ̀, nínú èyí tí mo pín ilé nìkan tí n kò sì rántí ogun.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ogun náà. Ní ọdún tí mo fẹ̀yìn tì, mo wọ ẹgbẹ́ kan ní Yaba tí ń ṣe eré ogun àtijọ́. Ní Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù, a máa ń péjọ sí pápá kan ní Sábó, a ó pín ara wa sí ọ̀nà méjì, Ìbàdàn níhìn-ín, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà lọ́hùn-ún, a ó sì tún Ogun Kírìjì jà. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe Balógun Ìbàdàn. Ipò náà kò pẹ́ lọ́wọ́ mi. Ní ogun àkọ́kọ́, a yìnbọn títí, kò sí ẹnì kan tí ó ṣubú. Ọ̀kan ní pásítọ̀ òun ti kìlọ̀ fún òun. Òmíràn ní ìyá òun lá àlá burúkú, ó sì pe òun láti Ọ̀yọ́. Habeeb, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun mi, ní òun lè fara gbọgbẹ́, ṣùgbọ́n òun kò ní kú. Nígbà tí àwọn yòókù gbọ́ èyí, ó tẹ́ wọn lọ́rùn, gbogbo wọn sì gba ọgbẹ́ ní ẹsẹ̀. Bí àwọn òǹwòran ṣe dé, àwọn jagunjagun tí ń tiro kiri pápá ni wọ́n bá, kò sí òkú kan ṣoṣo. Obìnrin kan béèrè bóyá ìpàdé àwọn tí orúnkún ń dùn ni à ń ṣe.

Ojú tì mí. Mo bọ́ fìlà Balógun fún Habeeb, mo sì kú. Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ ti di tèmi. Mo máa ń kú fún Ìbàdàn ṣáájú oúnjẹ ọ̀sán, n ó wọ́ gba ẹ̀yìn tapólì tí a so sí ẹ̀gbẹ́ pápá, n ó pààrọ̀ fìlà, n ó sì tún kú fún Èkìtì lẹ́yìn oúnjẹ. N kì í ṣe ojúsàájú.

Ní oṣù tó kọjá, dókítà kan ní Ìdí-Àràbà wo orúnkún mi, ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, ó ní, "Bàbá, ẹ ò gbọdọ̀ ṣubú mọ́ o." Mo bi í pé ta ni yóò wá máa ṣubú. Ó ní òun kò mọ̀, pé dókítà ni òun. Nítorí náà, ogun tí a fẹ́ jà ní Iganmu ní òpin oṣù yìí ni ìkẹyìn mi. Bí n kò bá rí ẹni tí yóò máa kú lẹ́yìn mi, ẹgbẹ́ yóò tú ká. Ogun tí ẹnikẹ́ni kì í kú nínú rẹ̀, eré ìdárayá ni.

ÌPÍN KÌÍNÍ: ÒKÈ ILÉ. Mo fi òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mi ní Surulere sílẹ̀ fún Àṣàkẹ́, ìyàwó mi, pẹ̀lú gbogbo ẹrù tí ó wà nínú rẹ̀, títí kan àga tí ó máa ń gbé dí ẹnu ọ̀nà ní òwúrọ̀ ogun.

Àṣàkẹ́ kì í fọ ẹ̀wù ogun mi. Ó ní òun kò lè máa fọ ẹ̀wù òkú nígbà tí òkú ń jẹ ẹ̀bà lọ́dọ̀ òun. Ó ní ìdí. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kú, aládùúgbò kan ya àwòrán mi níbi tí mo nà sílẹ̀ lórí pápá, ó sì fi í ránṣẹ́ sí Wasáàpù àwọn ará ilé wa láì kọ ohunkóhun sí i. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, àwọn ẹbí ti wọ mọ́tò láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá bá wa kẹ́dùn. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún wọn. Àbúrò bàbá mi kan kò tíì dárí jì mí títí di òní. Ó ní bí mo bá mọ̀ pé n kò kú, ó yẹ kí n ti pe òun kí òun tó wọ mọ́tò.

Síbẹ̀, kò sí Sátidé kan tí mo ti ogun dé tí n kò bá omi gbígbóná nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Kò sọ fún mi rí pé òun ni ó gbé e síbẹ̀. Èmi náà kò béèrè.

ÌPÍN KEJÌ: ÌSÀLẸ̀ ILÉ. Mo fi ìsàlẹ̀ ilé àti gáréèjì sílẹ̀ fún ọmọ mi kan ṣoṣo, Ọlọ́runfúnmi, lórí àdéhùn pé yóò kọ́kọ́ kú lẹ́ẹ̀kan lórí pápá, ní gbangba, kí ó sì wà ní ìdùbúlẹ̀ títí wọn yóò fi fun fèrè. Kò gbọdọ̀ rán aṣojú. Ọgbẹ́ ẹsẹ̀ kò kà.

Fúnmi ti wọn gáréèjì náà láti fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Ó wọ̀n ọ́n kọjá lórí ìbọn mi tí mo kó síbẹ̀, bí ẹni pé ìbọn náà ti lọ. Nígbà tí mo ka àdéhùn yìí fún un, ó wò mí títí, ó ní, "Dádì, ṣé ẹ fẹ́ kí n kú kí n tó jogún yín ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé, àlàyé náà sì mú ọ̀rọ̀ burú sí i.

ÌPÍN KẸTA: OHUN ÌJÀ. Gbogbo ṣakabùlà tí mo fi páìpù amúlétutù ṣe, pẹ̀lú idà onígi àti fèrè, di ti ẹgbẹ́. Kí Túbọ̀sún, alága wa, máa tọ́jú wọn.

Ṣakabùlà wọ̀nyí kì í dún. A ti lo báńgà tí ń dún bí ìbọn nígbà kan, àwọn ará àdúgbò sì pe ọlọ́pàá. Bí a ṣe rí mọ́tò wọn, Ìbàdàn àti Èkìtì sá gba ihò kan náà lára ọgbà, wọ́n sì ń ti ara wọn gbọ̀ngbọ̀n níbẹ̀ pé kí ẹnì kejì yára. N kò tíì rí ìṣọ̀kan bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dé ẹgbẹ́. Láti ọjọ́ náà, ẹnu ni a fi ń yìnbọn.

ÌPÍN KẸRIN: ÀGBÒ. Àgbò mi di ti Jemilat, nọ́ọ̀sì, ẹni tí ó jẹ́ ayìnbọn àgbà fún Èkìtì. Àgbò náà ni ẹṣin Balógun. Habeeb ní Balógun kì í fẹsẹ̀ rìn, owó wa kò sì ká ẹṣin. Kò sí ẹni tí ó ń gùn ún. Habeeb máa ń fi okùn fà á lẹ́yìn, Túbọ̀sún yóò sì kéde fún àwọn òǹwòran pé ẹṣin ni. Àgbò yìí kò gbọdọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi Síkírù lọ́nàkọnà. Mo ti rí bí ó ṣe ń wò ó bí Iléyá bá ń bọ̀.

ÌPÍN KARÙN-ÚN: GBÈSÈ. Síkírù, wẹ́dà ní Mushin, ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà tí a ti jọ wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́, jẹ mí ní ikú kan. N kò fi gbèsè náà jì í.

Ọ̀rọ̀ náà lọ báyìí. Ní ọjọ́ tí orúnkún mi kọ́kọ́ wú, Síkírù ṣèlérí níwájú ẹgbẹ́ pé òun yóò kú dípò mi. Nígbà tí àkókò tó, Jemilat dojú ìbọn kọ ọ́, ó ní, "Gbàù!" Síkírù wo àyà rẹ̀, ó ní, "Kò bà mí." Jemilat tún un yìn. Síkírù ní ẹ̀wù òun nípọn. Jemilat sún mọ́ ọn, ó fi ẹnu ìbọn kan bọ́tìnnì rẹ̀, ó ní, "Bàbá Síkírù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kú, oòrùn ń pa wá." Síkírù ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun kò pa jẹnẹrétọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó sì lọ sílé láti ojú ogun. Èmi ni mo fi orúnkún wíwú kú.

Mo bá a wí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní òun ti kú lẹ́ẹ̀kan lórí ọ̀rọ̀ Àṣàkẹ́, kò sì sí ìdí tí òun fi tún máa kú lẹ́ẹ̀kejì. Kí Fúnmi mọ̀ pé àwa méjèèjì ni a jọ ń kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀ nígbà èwe. Ti Síkírù dùn ju tèmi lọ, mo ti kà wọ́n. Ṣùgbọ́n èmi ni mo tún fíríìjì ìyá Àṣàkẹ́ ṣe.

ÌPÍN KẸFÀ: FÌLÀ. Èyí ṣe pàtàkì. Nígbàkúùgbà tí mo bá ń kú lórí pápá, mo máa ń fi ọwọ́ òsì di fìlà mi mú, nítorí pé aṣọ òkè ni, n kò sì fẹ́ kí ó kan ilẹ̀. Bí ẹ bá rí i tí mo ṣubú tí mo di fìlà mú, eré ni, ẹ pàtẹ́wọ́. Bí ẹ bá rí i tí mo ṣubú tí fìlà sì bọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pàtẹ́wọ́. Ẹ pe Jemilat.

Túbọ̀sún àti Jemilat ni mo yàn láti mú ìwé yìí ṣẹ. Mo ti kà á sí wọn létí. Túbọ̀sún ní òun ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ yékéyéké.

Mo fọwọ́ sí i ní Surulere, ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kọkànlá, ọdún 2025.

A. O. Oyèwọlé

ÀFIKÚN

Èmi kan náà ni mo kọ èyí, lẹ́yìn ogun Iganmu. Orí mi ṣì pé. Ìyàwó mi kò jiyàn sí i lọ́tẹ̀ yìí.

Ní ọjọ́ ogun náà, oòrùn mú gan-an. Mo ti kú fún Ìbàdàn láìsí wàhálà, mo sì tò pẹ̀lú Èkìtì láti kú ìkẹyìn. Habeeb kò tíì gbé ìbọn rẹ̀ sókè tí ojú mi fi ṣú. Mo ṣubú. Fìlà bọ́ lórí mi, ó sì yí gbiri lọ sí ẹsẹ̀ àgbò.

Àwọn òǹwòran pàtẹ́wọ́. Túbọ̀sún, ẹni tí ó gbọ́ Ìpín Kẹfà yékéyéké, pàtẹ́wọ́ ju gbogbo wọn lọ.

Àṣàkẹ́ kò wá sí ogun rí. Ọ̀rọ̀ dókítà ni ó mú un wá ní ọjọ́ yìí, ó ní kí Fúnmi fi mọ́tò gbé òun, ó sì jókòó sí ìlà iwájú tí ó kẹ̀yìn sí wa díẹ̀ kí a lè mọ̀ pé inú ń bí i. Òun ni ó dìde. "Fìlà rẹ̀! Ẹ wo fìlà rẹ̀! Kò dì í mú o!" Ó sáré la àárín ẹgbẹ́ ọmọ ogun méjèèjì kọjá pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. Àwọn òǹwòran rò pé opó ni wọ́n fi í ṣe, wọ́n sì tún pàtẹ́wọ́ sí i. Jemilat ju ìbọn nù, ó sáré tẹ̀lé e. Wọ́n gbé mi lọ sí ẹ̀yìn tapólì, wọ́n fún mi ní omi, wọ́n ń fẹ́ mi. Oòrùn ni, àti pé n kò jẹun ní òwúrọ̀, nítorí pé ìjà àga ẹnu ọ̀nà gba àkókò oúnjẹ mi.

Nígbà tí mo lajú, mo gbọ́ pé pápá ti dákẹ́. Mo fi ojú sí ihò tapólì. Àwọn òǹwòran ti ń dìde, wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ara wọn bóyá bàbá náà kú ní tòótọ́, àwọn mìíràn sì ti ń yọ fóònù. Mo rántí mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́.

Síkírù nìkan ni ó dúró níbi tí mo ṣubú sí. Ó wo ilẹ̀. Ó wo tapólì. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó ká a, ó fi ṣe ìrọ̀rí, ó sì dùbúlẹ̀ sí ojú ibẹ̀ gan-an, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yìnbọn fún un. Ọkùnrin kan láàárín èrò ní, "Ṣé ẹ rí i? Eré ni, ẹ jókòó!" Ni Habeeb náà bá dùbúlẹ̀. Ni àwọn Ìbàdàn bá tẹ̀lé Balógun wọn. Àwọn Èkìtì kò gbà kí Ìbàdàn fi ikú jù wọ́n lọ, àwọn náà kú. Fúnmi, tí ó ti sáré tẹ̀lé ìyá rẹ̀ dé àárín pápá, wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí i pé òun nìkan ni ó dúró. Ó tẹ́ aṣọ ìnujú rẹ̀ sórí koríko kí ó tó kú. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Àgbò nìkan ni ó yè.

Nígbà tí Túbọ̀sún fun fèrè, gbogbo wọn dìde àfi Síkírù. Àṣàkẹ́ lọ bá a, ó ní, "Síkírù, dìde, ara ọ̀rẹ́ rẹ ti yá." Síkírù kò lajú. Ó ní òun ń san èlé.

Nítorí náà, mo ṣe àtúnṣe wọ̀nyí. Àdéhùn Ìpín Kejì ti ṣẹ. Kí Fúnmi gba kọ́kọ́rọ́. Gbèsè Ìpín Karùn-ún ti parí, pẹ̀lú èlé. Ìpín Kẹrin kò yí padà. Síkírù ti béèrè.

Kí Túbọ̀sún yanjú èyí tí ó kù: ní ìpàdé ẹgbẹ́ lánàá, gbogbo wọn ni wọ́n fẹ́ kú ní oṣù tí ń bọ̀, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ yìnbọn. Habeeb ti kọ̀wé fi ipò Balógun sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Wọ́n bẹ̀ mí pé kí n máa jẹ́ ẹni tí yóò máa wà láàyè. Mo gbà.

Fìlà náà, mo fún Àṣàkẹ́ lónìí, n kò dúró de ikú. Ó gbà á, ó gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀, ó fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni ó bi mí ní ọjọ́ wo ni ogun tí ń bọ̀. Ó ní ipa opó yẹn, òun kò tíì múra sílẹ̀ nígbà tí òun ṣe é. Kí wọ́n jẹ́ kí òun tún un ṣe.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá, ọdún 2025.

A. O. Oyèwọlé

Àwọn ẹlẹ́rìí, tí wọ́n wà láàyè nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí i:

Habeeb Adéṣínà, Balógun tẹ́lẹ̀ rí, Yaba.

Síkírù Àlàbí, wẹ́dà, Mushin. Mo fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀ àfi ọ̀rọ̀ àgbò.