Láńrewájú àti Àwọn Ààrẹ Amẹ́ríkà Rẹ̀

                                        Connaught Estate,
                                        Woolwich,
                                        London.
                                        Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, Oṣù Kẹta, 2026.

Títílọlá, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá Dámi ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Dámi fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé yunifásítì ti pè é? Mo mọ̀ pé o ti ń rojọ́ mi kiri Òṣogbo pé Mọ́wùnmí dé London tán, ó gbàgbé ọ̀rẹ́. Rojọ́ mi lọ, mo jẹ̀bi. Òtútù ibí ṣì wà bó ṣe wà. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Thamesmead náà ni mo ṣì ń ṣiṣẹ́, èmi ni mò ń pín oògùn fún wọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Títí, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ti fóònù, torí bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, irọ́ ni màá pa. Láńrewájú àbúrò mi ò ní yè é. Ó wà ní ọsibítù ní Iléṣà láti ìparí oṣù Kínní, dókítà sì ti sọ fún Inúmidùn ìyàwó rẹ̀ pé kí wọ́n máa múra ọkàn sílẹ̀.

Ohun tí a fi pa mọ́ fún ọ láti ọjọ́ yìí wá ni pé kòkòrò éèdì wà lára rẹ̀ láti ọdún 2006. Má bínú. Màmá ló ní kí a pa ẹnu mọ́. O rántí ìgbà tó rù kan egungun, tí wọ́n gbé e lọ sí ilé àdúrà, tí wọ́n ń fi omi ìyàsímímọ́ wẹ̀ ẹ́? Nọ́ọ̀sì kan nínú ìjọ wa, Sister Patricia, ló fa Màmá sí kọ̀rọ̀, ó ní oògùn kan wà ní ọsibítù, ọ̀fẹ́ ni, pé ètò tí Ààrẹ Búùṣì ti Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ lọ́dún 2003 ló ń gbé e wá. Kò pé oṣù mẹ́fà tí Láńre fi padà sórí pápá bọ́ọ̀lù.

Láti ìgbà náà ni Màmá ti ń kọ orúkọ Búùṣì mọ́ tiwa nínú ìwé ẹ̀bẹ̀ tó ń fi síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ ìkórè. Wòlíì á kà á sókè: Mọ́wùnmí, Láńrewájú, George Búùṣì. Àwọn èèyàn á máa bi Màmá pé èwo nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ni Búùṣì fẹ́. Láńre ní tirẹ̀, bí ẹlòmíì ṣe ń ka agbábọ́ọ̀lù ló ń ka àwọn ààrẹ Amẹ́ríkà. Kátà fi ipò sílẹ̀ tán, ó tún bá wa lé sòbíà. Láńre ní Bàbá wa, tí sòbíà jẹ lẹ́sẹ̀, ì bá dọ̀bálẹ̀ fún un. Clinton wá sí Abuja, Búùṣì wá. Obama tí a ń pè ní ọmọ wa, Ghana ló lọ, kò tilẹ̀ yà kí wa, Láńre ò sì tíì dárí jì í di òní olónìí.

Ní oṣù Kínní ọdún tó kọjá, ààrẹ tó wà níbẹ̀ báyìí buwọ́ lùwé lọ́jọ́ tó gorí àlééfà pé kí wọ́n dá ìrànlọ́wọ́ sókè òkun dúró ná, kí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà, mo ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, nígbà tí Láńre pè. Ó ti lọ bá ilẹ̀kùn ní títì níbi tó ti ń gba oògùn, ẹnikẹ́ni ò sì mọ ìgbà tí wọn ó ṣí i. Oògùn oṣù méjì ló kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Wo ohun tí mo fi ẹnu mi sọ. Mo ní kó lo ọ̀kan lónìí, kó fo ọ̀la, kó lè pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bí a ṣe ṣún gààrí lò lọ́dún tí Bàbá kú. Èmi tí òyìnbó fún ní sátífíkéètì oògùn pípín! Bí arúgbó kan ní Thamesmead bá fo oògùn ẹ̀ẹ̀kan péré, mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, kí n sì pe nọ́ọ̀sì. Mi ò pe ẹnì kankan nítorí àbúrò mi.

Bẹ́ẹ̀ wọn ò pẹ́ ṣí ilẹ̀kùn ọ̀hún. Àṣẹ míì ti jáde pé oògùn tó ń gba ẹ̀mí là lè máa lọ. Láńre pè mí, ó ń yọ̀ ṣìnkìn, wọ́n ti ń fún un ní ìgò kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù. Mo ní kó má tíì yọ̀, pé ẹni tó tìlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan lè tún tì í. Mo ní kó máa fò ó bẹ́ẹ̀, kó máa tọ́jú èyí tó bá ṣẹ́ kù de ọjọ́ ìṣòro. Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Èmi ni ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo wà ní London. Odidi ọdún kan ló fi ṣe é. Bí wọ́n bá bi í lọ́hùn-ún bóyá ó ń lò ó déédéé, á ní bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tó wó lulẹ̀, Inúmidùn lọ kó aṣọ rẹ̀ nílé. Ìgò oògùn mẹ́fà ló bá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọn ò tíì ṣí ọ̀kankan. Ó ya fọ́tò wọn ránṣẹ́ sí mi: "Auntie, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ nǹkan kan nípa èyí?" Ṣọ́ọ̀bù Mùjídì tó ń ta oúnjẹ ilé wa ní Woolwich ni mo wà, iṣu wà lọ́wọ́ mi. Mo kọ ọ́ pé mi ò mọ̀. Oògùn ò tán, Títí! Kò fìgbà kan tán!

Dókítà ní kòkòrò náà ti mọ oògùn yẹn lójú, kò bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Fífò tí mo ní kó máa fò ó ló fún un láyè. Ikọ́ ẹ̀gbẹ sì ti wọ ọpọlọ. Wọ́n ti fún un ní òmíràn, àmọ́ ara rẹ̀ ò lágbára tó máa fi gbà á. Èmi náà ò lè wá, pásípọ́ọ̀tù mi wà lọ́dọ̀ Home Office, bí mo bá fi ìlú yìí sílẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ìwé ìgbélùú tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ wọn ti bàjẹ́. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nítòsí Plumstead Common. Wòlíì ní òun rí Láńre nínú aṣọ funfun, gbogbo ìjọ pariwo Halelúyà. Mi ò gbàdúrà mọ́ láti ọjọ́ náà.

Bá mi kí Bàbá Dámi, kí o sì gbá Dámi mọ́ra fún mi. Bí o bá rí Sister Patricia lọ́jà, bá mi kí wọn, má sọ nǹkan kan fún wọn.

Ó ku ẹ̀bẹ̀ kan. Òṣogbo sí Iléṣà ò jìnnà, jọ̀ọ́, lọ wò ó fún mi. Di ọwọ́ rẹ̀ mú. Dá ọ̀rọ̀ Obama àti Ghana sílẹ̀, bóyá á rẹ́rìn-ín. Láńre gbà pé ààrẹ ló pa òun. Lọ́jọ́ tó bá lè sọ̀rọ̀, á ní kí Inúmidùn gbé fóònù sétí òun, á máa ṣépè fún ọwọ́ tó buwọ́ lùwé, èmi á sì máa ṣe àmín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà yìí pé kí o bá mi sọ òótọ́ fún un, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fa ìwé náà ya. Má sọ fún un. Bó bá ń bú ààrẹ, jẹ́ kó máa bú u lọ. Ààrẹ ò gbọ́. Èmi ni mò ń gbọ́.

Tìrẹ náà ni mí,
Mọ́wùnmí.