Ọ̀dà Ọkọ̀ Yín Ti Gba Ara Wọn

Iléṣà, 1974

Ẹ̀gbọ́n mi Béjidé,

Gbogbo ilé ń kí yín ní Kánò. Ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá ti fúyẹ́.

Ọkọ̀ yín ń dán gbinrin! Praimà, ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí mo kọ́kọ́ fi kùn ún, kò gba síílà tí ẹ fi ránṣẹ́, ìyẹn ọ̀dà kejì tó yẹ kó jókòó lé e lórí. Ńṣe ló rí ṣákiṣàki bí awọ ọ̀pọ̀lọ́. Màmá ní, "Ṣé o wádìí ìdílé wọn kí o tó so wọ́n pọ̀?" Mo họ ọ́ kúrò, mo ra praimà mìíràn l'Óṣogbo, mo dán an wò lára páànù. Ó gbà!

Màmá náà ti wádìí ìdílé Susannah, ọmọ Ọ̀tan-Ilé tí ẹ fẹ́ fẹ́. Wọ́n gbà!

Olúwa á ṣọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí eruku bo ọkọ̀ yìí kí ẹ tó wá fi gbé ìyàwó.

Àbúrò yín,
Bándélé