Òróró Àǹtí Àbẹ̀ḿbí àti Dísíìkì Rẹ

Ojúlé 18, Ẹ̀yìn Ọjà,
Àgbọ̀wọ́,
Ìbàdàn.
3 Oṣù Kejìlá, 1988.

Jẹ́jẹ́lọlá, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni gbogbo ilé? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ọyẹ́ Kàdúná kò dà wọ́n láàmú? Ìwọ fúnra rẹ, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ ti fúyẹ́? Ara tèmi le, mo dúpẹ́. Ọpẹ́ ló kún inú lẹ́tà yìí, n kò tilẹ̀ mọ ibi tí mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

O mọ̀ pé ọdún méjì gbáko ni Bàbá mi fi ń sọ ìtàn ayé wọn fún mi, tí mo ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. N kò tẹ ojú ewé kan ṣoṣo jáde sórí bébà. Mo ní ó di ìgbà tí wọ́n bá sọ ọ́ tán. Ní oṣù Kẹjọ, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu Bàbá, apá ọ̀tún kú, ọ̀rọ̀ kò sì já geere lẹ́nu wọn mọ́. Ohun tó wà nínú ẹ̀rọ yẹn nìkan ló kù.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, bí mo ṣe ń tẹ nǹkan lọ́wọ́, iná lọ, ó bọ̀, ó tún lọ. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá tan ẹ̀rọ, kò jí. Ó kàn ń kọ ọ́ sójú pé òun kò rí ètò tí òun fi ń ṣiṣẹ́. N kò kọ́kọ́ bẹ̀rù, torí dísíìkì ètò náà, àwo pẹlẹbẹ tí a fi ń jí ẹ̀rọ, wà nílé. Àṣé mo ti dá ọ̀ràn sílẹ̀. Mo ti kìlọ̀ fún Àǹtí Àbẹ̀ḿbí, àbúrò Bàbá tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, pé kí wọ́n má jẹ́ kí nǹkan ṣe dísíìkì yẹn, pé òun ló dáàbò bo iṣẹ́ Bàbá. Ni Àǹtí bá gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Mọ́kọ́lá, bí wọ́n ṣe máa ń gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tuntun lọ, àti bírò ọmọ tó fẹ́ ṣèdánwò. Wọ́n ta òróró àdúrà sí ihò àárín rẹ̀, wọ́n nù ún, wọ́n dá a padà sínú àpò rẹ̀. Nígbà tí mo fi í sẹ́nu ẹ̀rọ, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Inú bí mi, kí n má purọ́. Àmọ́ nígbà tí Àǹtí ń sunkún pé ààbò ni àwọn ń wá fún ẹ̀gbọ́n àwọn, mo fi ìbínú náà sílẹ̀.

Mo gbé ẹ̀rọ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gbẹ́ni Gbádérọ̀ tó ń tún irú rẹ̀ ṣe ní Dùgbẹ̀. Ó ní àfi kí òun nu gbogbo inú rẹ̀ kúrò kí òun tó fi ètò tuntun sí i. Ó ní kí n má bínú, n óò tún ìtàn náà tẹ̀. Ta ni yóò tún un sọ? Mo gbé ẹ̀rọ mi padà sílé, mo kọ̀wé sí ọ, ìwọ tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dáadáa.

Jẹ́jẹ́, Ọlọ́run ló fi ọ́ ṣe ọ̀rẹ́ mi. Dísíìkì mẹ́ta tí o fi rán awakọ̀ yẹn dé láyọ̀, pẹ̀lú ojú ewé mẹ́rin tí o fọwọ́ kọ. Ibi tí o fi bírò pupa fa ìlà sí lẹ́ẹ̀mejì, pé kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nu inú rẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Mo fi dísíìkì kìíní jí ẹ̀rọ náà, mo ṣe ẹ̀dà ìtàn Bàbá sórí méjì tó kù, kí n tó wá tẹ àṣẹ tí o kọ, èyí tó ń dá ètò padà sáyè rẹ̀ láìfọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Ó jí. Lọ́jọ́ kejì ó tún kú, Àǹtí yọjú lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní àwọn kò fọwọ́ kàn án o. O sáà ti kọ ọ́ pé bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, iná tó ń lọ sókè sódò ni. Mo ra sítébíláísà tó ń mú iná dúró déédéé, mo tún àṣẹ náà tẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé, kò tíì ṣe ségesège.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra. Àǹtí ní orúkọ rẹ ni àwọn ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, pé ìyẹn kò gba òróró.

Lánàá ni mo ka ìtàn náà fún Bàbá. Mo dé ibi tí wọ́n ti ń dẹnu kọ ìyá mi olóògbé ní Ìgbòho, tí ìyá mi ní òun kò fẹ́ ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, tí Bàbá wá ń lọ jókòó sílé wọn lójoojúmọ́ fún odindi oṣù kan láìsọ̀rọ̀, kí ìyá mi tó gbà. N kò rántí pé mo tẹ ibẹ̀. Ẹ̀rù bà mí pé mo ti bà wọ́n lọ́kàn jẹ́. Bàbá bú sẹ́rìn-ín, Jẹ́jẹ́lọlá, ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù Kẹjọ. Wọ́n gbé ọwọ́ òsì sókè pé kí n tún un kà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kà á.

Èmi ni tìrẹ tó ń dúpẹ́,
Sẹ̀gilọlá.