Owó Ìwádìí Burulai Ti Bọ́

Naryn

Ẹ̀gbọ́n mi Mirlan,

Owó tí wọ́n fẹ́ fún Burulai àbúrò wa, kí ó fi wọn yìnyín orí òkè nígbà ìsinmi yunifásítì, ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Èmi ni mo fà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú. Mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ ní Moscow. Ara Bàbá le. Ikọ́ ọmọ tuntun mi nìkan ló ń já mi láyà.

Nígbà tí Burulai ń bá Bàbá da àgùntàn lọ sókè, ó fi fóònù rẹ̀ sílẹ̀ fún mi: "Ẹ̀gbọ́n, orí òkè ẹ̀yìn ilé nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Tí lẹ́tà bá dé, ẹ fèsì pé mo gbà." Ṣùgbọ́n ọmọ kò tíì pé ogójì ọjọ́. Ìyá ọkọ mi dí ẹnu ọ̀nà: "Abiyamọ wo ló ń gba afẹ́fẹ́ kiri? Ṣé yìnyín náà fẹ́ sá lọ ni?"

Nígbà tí mo fi ráyè yọ́ gòkè, lẹ́tà ti wà lórí fóònù fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọjọ́ méje péré ni wọ́n fún un láti fèsì, wọ́n sì ti gbé owó náà fún ẹlòmíràn. Ta ló ń fún ará orí òkè ní ọjọ́ méje!

Nígbà tí Burulai dé, kò bú mi. Ó kọjú sí ìyá ọkọ mi, ó dá a lóhùn: "Ó ń sá lọ ni, Màmá; ọdọọdún ló ń yọ́ sí i. Ìdí tí mo ṣe fẹ́ lọ wọ̀n ọ́n nìyẹn." Láti ọjọ́ náà, Burulai kò gbé ọmọ mi mọ́.

Ẹ̀yin lẹ gbọ́ èdè Rọ́ṣíà dáadáa. Ẹ bá mi kọ̀wé sí olùkọ́ rẹ̀ pé ẹ̀bi mi ni, kí wọ́n má ka Burulai sí ọ̀lẹ lọ́dún tó ń bọ̀. Ọlọ́run á ṣọ́ yín níbi iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè fèsì.

Àbúrò yín,
Jyldyz